Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Ọkàn Yín Wò



Nígbà tí mò ń fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí mò ń dúró de kídìnrín, dókítà ní kí n lọ yẹ ọkàn mi wò. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣebí kídìnrín ló ń yọ mí lẹ́nu, kí ló kan ọkàn?" Mo rò pé wọ́n fẹ́ yọ orúkọ mi kúrò ni. Oṣù mẹ́ta ni n kò fi lọ.

Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tó ń ba kídìnrín jẹ́ náà ló ń ba ọkàn jẹ́. Àrùn ọkàn sì wà lára ohun tó ń pa àwọn aláìsàn kídìnrín jù. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni ìpààrọ̀ kídìnrín. Ọkàn gbọ́dọ̀ lè gbà á. Wọ́n á ka bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Bí wọ́n bá rí àléébù, oògùn nìkan lè tó nígbà mìíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, àwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń dúró pẹ́ ju aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, wọ́n lè tún àyẹ̀wò náà ṣe. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí èémí ń kúrú, ẹ sọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ọmọbìnrin mi ló ka lẹ́tà ọsibítù fún mi, tó sì mú mi lọ. Ẹ bá àwọn òbí yín ka tiwọn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.