Ọtí Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Dà Nù

Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fi ń ṣeré láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mò ń pọn.

Àgbàdo ni mo fi ń ṣe é. Mo máa ń rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, màá tẹ́ ẹ sórí ewé, màá fi ewé bò ó, màá sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hu. Ìgbà tó bá ń hu ni agbára tó ń sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà máa ń jí. Lẹ́yìn náà, màá sá a gbẹ, màá lọ̀ ọ́, màá pò ó mọ́ omi, màá gbé e ka iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá yára hó, agbára yẹn á kú kó tó ṣiṣẹ́. Bí mo bá sẹ́ ẹ sínú ìkòkò tó mọ́, ìwúkàrà á sọ ṣúgà náà di ọtí.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo pọn ọ́n, òjò kò jẹ́ kí àgbàdo gbẹ, ó sì bu. Ìyàwó mi ní kí n fọ̀ ọ́, pé iná á pa á. Díẹ̀ ló kù kí n gbà, torí mo ti pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó wà níbí yìí wá mu ún. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó bu lè ní oró aflatoxin. Iná ìdáná kì í pa á tán, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bàjẹ́. Mo bá dà á nù, n ò fún adìẹ pàápàá. Omi tútù ni àwọn ọ̀rẹ́ mi mu, wọ́n sì bú mi dáadáa!

Ní 2015, ọtí ìbílẹ̀ tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Òndó àti Rivers. Ògógóró nìyẹn, kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, èmi ò sì ń dán an wò nílé. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹni tó bá ń pọn ọtí fún ẹlòmíràn, ẹ̀mí onítọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti dà á nù, má pọn ọ́n. Àgbàdo mìíràn wà lọ́jà. Ẹ̀dọ̀ mìíràn kò sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí á pa iṣẹ́ tó bàjẹ́ rẹ́, kí á tún un ṣe. Mo tún un ṣe, ó sì dùn. Ẹ wá tọ́ ọ wò nílé mi, ṣùgbọ́n ẹ mú awakọ̀ dání.