Ikọ́ Fée Kò Ní Ká Jókòó Sójú Kan

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Màpó, Ìbàdàn)

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ófátáìmù ni a sábà máa ń sọ ní ìpàdé yìí. Ọ̀rọ̀ èémí ni a gbé wá lónìí, nítorí ẹni tí kò rí èémí mí kò lè ṣe iṣẹ́ tí yóò fi gba owó oṣù.

Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ ti kíyè sí i pé ikọ́ fée wà láàárín wa, ó sì fara pamọ́. Awakọ̀ kò fẹ́ kí ọ̀gá gáréèjì mọ̀. Ẹni tó ń da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ kò fẹ́ kí fóòmáànù mọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọn yóò ní kí àwọn máa lọ sílé. Nígbà tí àìsàn bá fara pamọ́ báyẹn, olúwarẹ̀ á máa sá fún ohunkóhun tó lè mú un mí hẹlẹhẹlẹ níwájú ẹlòmíràn. Kò ní gun àtẹ̀gùn mọ́, kò ní rìn dé Ọjà'ba mọ́, ọ̀kadà ni yóò máa gùn.

Àwọn ará ilé náà á tún kún un. Wọ́n á ní: “Jókòó jẹ́ẹ́, má ṣe wàhálà, o mọ ara rẹ.” Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tó ń jẹun, sísanra ni yóò máa sanra. Bó bá ti sanra, èémí á tún kúrú sí i. Bí èémí bá ti kúrú sí i, á tún jókòó sí i. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju pé kí a já okùn yìí, kí a sì mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró dà bí ẹ̀ka igi, wọ́n ń kéré bí wọ́n ti ń lọ sísàlẹ̀. Nínú ara ẹni tó ní ikọ́ fée, inú ihò wọ̀nyí máa ń wú. Bí eruku, èéfín, òtútù tàbí ọ̀fìnkìn bá kàn wọ́n, iṣan tó yí wọn ká á fún wọn pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ibi tó kù. Ìyẹn ni àyà fi máa ń sú bíi fèrè. Ọ̀rá ikùn tún ń ṣe tirẹ̀: ó ń ti iṣan tó wà láàárín ikùn àti àyà sókè, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní rí àyè tó láti fẹ̀. Ọ̀rá yìí tún máa ń mú kí ara wú nínú ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ ohun tí ẹrù àpọ̀jù ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ bá ń gun òkè Màpó. Bí kábúrétọ̀ bá tún wá dí, ẹ sọ fún wa, ṣé ọkọ̀ náà yóò dé orí òkè?

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ìsanra ti pọ̀ jù? Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kílò, kí ẹ pín in nígbà méjì pẹ̀lú gíga yín ní mítà. Ẹni tó ga ní mítà 1.70, tó sì wọn kílò 95, yóò pín 95 sí ọ̀nà 1.70, yóò tún pín ohun tó bá rí sí ọ̀nà 1.70. Nǹkan bíi 33 ni yóò rí. Láti 25 sókè, ara ti ń wúwo jù. Láti 30 sókè, ìsanra ti di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ dá sí.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé a kò ní láti di pàǹdọ̀rọ̀ tó tín-ín-rín kí èémí tó dára. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Finland tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 38 tó sanra tó sì ní ikọ́ fée. Wọ́n fi ìdajì wọn sórí oúnjẹ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì fi ìdajì tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Àwọn tó dín ara kù ń mí dáadáa ju àwọn tó kù lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nígbà tí ọdún kan kọjá. Lónìí, ìlànà tí àwọn dókítà ikọ́ fée káàkiri àgbáyé ń tẹ̀ lé sọ pé bí ènìyàn bá dín kílò 5 sí 10 kù nínú gbogbo kílò 100, ó lè mú kí ikọ́ náà rọlẹ̀. Fún ẹni kílò 95 tí a mẹ́nu bà, kílò márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni. Bó bá ń dín ìdajì kílò kù lọ́sẹ̀, láàárín oṣù mẹ́rin sí márùn-ún yóò ti débẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: oògùn ṣáájú ìrìn. Ẹ má ṣe torí pé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa kí ẹ sáré lọ́la. Ẹni tí ikọ́ ń jí lóru, tàbí tó ń fa ínhélà tí ń tú àyà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ọ̀nà méjì ni ínhélà pín sí. Èyí tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, salbutamol, ń tú àyà kíákíá, ṣùgbọ́n kò wo wíwú tó wà nínú ihò sàn. Èkejì, tó sábà máa ń jẹ́ búráùn, ni a ń fà lójoojúmọ́ kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Láti ọdún 2019 ni ìlànà àgbáyé tí a sọ yẹn ti ní kí àgbàlagbà tó ní ikọ́ fée má ṣe gbára lé salbutamol nìkan mọ́.

Àwọn kan ń sá fún ti ojoojúmọ́ yìí, wọ́n ní ó ń mú ni sanra. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Oògùn oníhóró bíi prednisolone, bí a bá ń gbé e mì fún ìgbà pípẹ́, máa ń mú kí ebi pa ni, kí ojú sì wú. Ti ínhélà kéré púpọ̀ sí ìyẹn, inú àyà ló sì ń lọ tààrà. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tí ẹ bá fà á. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù nítorí ìsanra ni yóò padà máa gbé prednisolone mì nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìrìn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ní ibi tó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà kó di ogún, kó tó di ọgbọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tó bá rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún ti san gbèsè náà. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́ kí àyà lè móoru, kí ẹ máa gba imú mí. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ fa ínhélà tí ń tú àyà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Inú àpò ni kó sì wà, kò gbọdọ̀ wà nílé.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé a kò ṣe é jù? Bí ẹ bá lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀, àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dín ẹsẹ̀ kù. Bí àyà bá sú, ẹ dúró, ẹ jókòó gbọọrọ, ẹ fa oògùn. Bí kò bá tú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nígbà tí ara bá ti mọ̀ ọ́n, a ní òkè tiwa. Láti ọdún 1929 tí wọ́n ti ṣí Gbọ̀ngàn Màpó, orí òkè yẹn ni gbogbo Ìbàdàn ń wò. Ẹ gbéra láti Bẹẹrẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, kí èéfín ọkọ̀ tó pọ̀, ẹ gun òkè Màpó, ẹ sinmi, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Ará Bẹyẹrúnkà kò ní í sọ pé ó jìnnà sí òun. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá gba ojú ọ̀run, ẹ fi aṣọ bo imú, tàbí kí ẹ rìn nínú ilé. Ibi tí wọ́n bá ń sun pàǹtí, ẹ yà á sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń rò pé ikọ́ fée kò jẹ́ kí ènìyàn ṣe nǹkan, kó rántí Jackie Joyner-Kersee ti Amẹ́ríkà. Ikọ́ fée ń ṣe é, síbẹ̀ ó gba góòlù ní Òlíńpíìkì Seoul ní 1988 pẹ̀lú àmì 7,291, kò sì tíì sí obìnrin tó kọjá rẹ̀ nínú ìdíje eléré méje náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oúnjẹ. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ìrìn ń fún àyà lágbára, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ń dín kílò kù jù. Ẹ má bẹ̀rù, a kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ àmàlà sílẹ̀. Ewédú àti gbẹ̀gìrì kò ṣẹ̀ wá, ewé àti ẹ̀wà ni wọ́n. Bí àmàlà ṣe pọ̀ tó nínú abọ́ ni, àti ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, àti ẹran ọlọ́ràá. Ẹni tó ń jẹ àmàlà mẹ́ta, kó jẹ́ kan àbọ̀, kí ewédú pọ̀ sí i, kó sì fi ẹja rọ́pò ọ̀rá. Dípò búrẹ́dì àti pọ́fùpọ́fù láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ń bẹ. Igo mínírà ńlá kan lè ní ṣúgà bíi kóòbù mẹ́wàá nínú, awakọ̀ mìíràn sì ń mu mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi tútù ń pa òùngbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún ṣọ́ àsìkò. Ẹni tó ti iṣẹ́ dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó jẹ ẹ̀bà yó tó sì dùbúlẹ̀, omi kíkan inú ikùn lè ru sókè sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀ lóru. Ó kéré tán, kí wákàtí méjì sí mẹ́ta wà láàárín oúnjẹ àti oorun. Ní ti àgbo àti tíì tí wọ́n ń pè ní afọnikùn, omi ni wọ́n ń fà jáde lára, ọ̀rá kò kúrò. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá mu omi, kílò yín á padà.

A mọ ohun tó tún ń dí wa lọ́wọ́. Ní ìlú yìí, ẹni tó sanra ni a ń kí pé ara rẹ̀ dá. Bí ènìyàn bá dín kù díẹ̀, wọ́n á máa béèrè pé: “Ṣé kò sí o? Ṣé wọn ò tíì sanwó ni?” Ẹ jẹ́ kí ìyàwó, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ mọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí wọ́n má baà fi àánú bu oúnjẹ kún un.

Awakọ̀ kan nínú ẹ̀ka wa ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ lẹ́tà pé kò yẹ fún ọkọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ bá wọn jókòó, a gba oṣù mẹ́fà fún un. Ó ń fa oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń rìn, ìyàwó rẹ̀ sì dín àmàlà kù. Ó dín kílò méje, dókítà sì buwọ́ lù ú pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdààmú tó kù ni owó oògùn. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà ni ínhélà ti gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, a kò ní fi ẹrù yìí lé aláìsàn nìkan lórí. Ohun mẹ́rin ni a ń fẹ́ kí ẹ̀ka yìí dìbò fún lónìí. Kìíní, kí ínhélà wà nínú àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì ní gbogbo gáréèjì àti ilé-iṣẹ́ tí a ní ọmọ ẹgbẹ́ sí. Èkejì, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa rà á pọ̀, kí ó lè dínwó. Ẹ̀kẹta, kí awakọ̀ rí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ̀ kalẹ̀ rìn láàárín iṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn agbanisíṣẹ́ mú eruku kúrò níbi iṣẹ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti sọ pé ojúṣe wọn ni. Òfin àsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sì sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bá fún ní àìsàn ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtọ́jú. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, a kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó wa sí i.

Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé, àṣírí rẹ̀ bò. Ẹni tí kò bá ní, kó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn ní Sunday tó ń bọ̀. Aago méje àárọ̀ ni a ó pàdé ní Bẹẹrẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èémí wa kúrú.