Bí Eyín Tó Kán Bá Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀: eyín tó kán tí kò dunni mọ́ kò tí ì san. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ìrora gan-an ni àìsàn, pé bí ìrora bá ti lọ, àìsàn náà ti bá a lọ. Ní ti orí fífọ́, èrò yẹn lè má ṣìnà jìnnà. Ní ti eyín, ó lè pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Ọlọ́run ṣe dá eyín. Èèpo funfun tó bò ó lórí ló le jù lọ nínú gbogbo ara ọmọ ènìyàn, ó le ju eegun lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan nínú rẹ̀. Eegun apá tó dá lè so padà láàárín oṣù mélòó kan. Èèpo eyín tó bá ti ṣí, ó ṣí náà nìyẹn. Ara eyín tó wà lábẹ́ èèpo yìí kún fún ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, gbogbo wọn ló sì dojú kọ mùdùnmúdùn tó wà láàárín, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà. Bí òkúta inú ẹ̀wà bá kán eyín, tàbí tí ẹnìkan fi eyín ṣí ìdérí ìgò tí eyín sì ṣẹ́, àwọn ihò wọ̀nyí ló ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi tútù fi ń gúnni. Kòkòrò àìfojúrí, tí kò wọ́n lẹ́nu ẹnikẹ́ni, á gba ibẹ̀ wọlé. Mùdùnmúdùn á fẹ́ wú, ṣùgbọ́n ògiri líle ló yí i ká, kò sí àyè. Ìrora á wá máa lù kìkì, pàápàá lálẹ́ bí èèyàn bá dùbúlẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́, iṣan á sì kú. Òkú iṣan kì í ké. Onítọ̀hún á sùn dáadáa, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ kànáfùrù tàbí omi iyọ̀ tó lò, bẹ́ẹ̀ ikú eyín ló ń pè ní ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ewu gan-an bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò á gba ẹnu gbòǹgbò jáde, á máa jẹ eegun àgbọ̀n díẹ̀díẹ̀, fún oṣù, fún ọdún pàápàá. Nígbà mìíràn, kókó kékeré á yọ lára ẹran ìdí eyín, á bẹ́, á tún kún. Ti eyín ńlá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ló burú jù, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ jìn débi pé bí ọyún bá já níbẹ̀, abẹ́ ahọ́n àti ọrùn ló ń bọ́ sí. Abẹ́ àgbọ̀n á le gbandi, ahọ́n á gbéra sókè, itọ́ kò ní ṣeé gbé mì, ọ̀nà èémí á há. Ní 1836 ni dókítà ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ṣàpèjúwe àrùn yìí, orúkọ rẹ̀ la sì ṣì fi ń pè é. Kí oògùn apakòkòrò tó dé, ó lé ní ìdajì àwọn tó mú tó ń kú. Ikú ti dín lónìí, kò tí ì tán, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló sì yẹ kó ṣọ́ra jù.

Àwọn kan á ní ṣebí oògùn apakòkòrò wà ní kẹ́mísì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn dé ibi tí àrùn wà, eyín tí mùdùnmúdùn rẹ̀ ti kú kò sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú mọ́. Kápúsù lè mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀. Kò lè wọ inú eyín lọ bá orísun àrùn. Àwọn mìíràn á ní àwọn baba ńlá wa kò mọ dókítà eyín, orín ni wọ́n ń rún, ara wọn sì le. Orín dára, ó ń gba eyín lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í so eyín tó kán. Ní ti pé ara wọn le, agbárí ènìyàn àtijọ́ kan wà tí àwọn awakùsà rí ní Kabwe, ní ilẹ̀ Zambia, ní 1921, tí àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé ó ti tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Ọ̀pọ̀ eyín òkè rẹ̀ ló ti jẹrà, ihò tí ọyún gbẹ́ sì hàn nínú eegun rẹ̀. Àrùn eyín ti ń jẹ ènìyàn níyà ní ilẹ̀ Áfíríkà kí ọ̀làjú kankan tó dé. Ní ti ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan pé bí wọ́n bá yọ eyín òkè, ojú á fọ́, iṣan eyín kì í ṣe iṣan ìríran. Ọyún tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ eyín òkè ló lè ran ojú.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn dókítà eyín pọ̀ ní Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ju ìgbèríko lọ, ẹni tó ń gbé lóko á san owó ọkọ̀ kó tó san ti ìtọ́jú. Ó yẹ kí ìjọba mú ìtọ́jú eyín dé ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó yìí kì í dúró sójú kan. Eyín tí wọn ì bá dí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán á di èyí tí wọ́n ń fọ gbòǹgbò rẹ̀, lẹ́yìn náà á di iṣẹ́ abẹ àti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan kú ní 2007 nítorí àrùn tó ti inú eyín rẹ̀ dé ọpọlọ. Nǹkan bí 80 dọ́là ni yíyọ eyín náà ì bá gbà. Iṣẹ́ abẹ méjì ni wọ́n ṣe sí i lọ́pọlọ, owó ìtọ́jú rẹ̀ sì lé ní 250,000 dọ́là. Tálákà gan-an ni kò lówó ìdúró.

Mi ò sọ pé gbogbo eyín tó bá ṣẹ́ ló ń pani. Bí ó bá jẹ́ èèpo òkè nìkan, dókítà lè rá ibi tó mú, kó sì parí síbẹ̀. Àmọ́ dígí ilé kò lè fi ohun tó wà lábẹ́ hàn. Ẹ́síréè àti àyẹ̀wò ló ń fi í hàn. Ti àwọn ọmọdé ló sì ká mi lára jù. Láàárín ọdún 6 sí 8 ni eyín iwájú wọn tó máa bá wọn dalẹ́ ń hù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ á tún lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó pé. Bí mùdùnmúdùn bá kú láàárín àkókò yẹn, gbòǹgbò á dúró síbi tó dé, tín-ínrín, ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀, eyín náà kò sì ní lágbára láéláé. Bí wọ́n bá tètè tọ́jú mùdùnmúdùn náà, gbòǹgbò lè máa dàgbà lọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣubú ní pápá ilé ìwé tí eyín rẹ̀ kán, ẹ wá èyí tó já, ẹ fi í sínú mílíìkì tàbí omi tó mọ́, kí ẹ sì gbé òun àti ọmọ lọ bá dókítà eyín lọ́jọ́ náà, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà.