Ilé Àdúrà Tí Kò Kọ Òkú Ẹnikẹ́ni

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn kọjá ní ọjọ́ Ìsinmi ní Mọ̀pà, ní ilẹ̀ Òkun, kò ṣòro kí ó gbọ́ orin tí Isaac Watts kọ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Watts kò gbọ́ orúkọ Mọ̀pà rí. Àwọn tí ń fi èdè Yorùbá kọ orin rẹ̀ pẹ̀lú, díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ibi tí ọkùnrin náà gbé. Ọ̀dọ̀ ìdílé Sir Thomas Abney, tí ó ti jẹ olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù rí, ni ó gbé fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ilé wọn tí ó wà ní Stoke Newington ni ó sì kú sí ní 1748. Abúlé ni Stoke Newington nígbà náà. Lọ́ńdọ̀nù ti gbé e mì tipẹ́. Ó ti di ara Hackney, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé. Ọgbà Abney sì ti di itẹ́ òkú. Ní àárín itẹ́ náà ni ilé àdúrà kan dúró sí, tí wọ́n kọ́ nítorí ìsìnkú, tí ìsìnkú sì ti fi í sílẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ kò lè yé ẹni tí kò bá mọ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí láyé ìgbà náà. Ìjọ Áńgílíkà ni ó ni àgbàlá ìsìnkú ní ìlú àti ní abúlé. Onítẹ̀bọmi, ọmọ ìjọ Congregational, àti gbogbo ẹni tí kò bá Ìjọ Áńgílíkà lọ, lè rí ilẹ̀ sin òkú wọn sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlùfáà Áńgílíkà ni yóò ka àdúrà lórí rẹ̀. Pásítọ̀ tí ó bẹ olóògbé wò lórí àìsàn, tí ó sì mọ gbogbo ilé rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti la ẹnu ní ẹ̀bá ibojì. Ìwé àdúrà Ìjọ Áńgílíkà kò sì jẹ́ kí wọ́n ka ètò ìsìnkú lórí ẹni tí a kò ì tí ì ṣe ìrìbọmi fún. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún Onítẹ̀bọmi tí ọmọ kékeré kú mọ́ lọ́wọ́. Ọdún 1880 ni òfin tó yí padà. Yorùbá tí ó mọ ohun tí ó jẹ́ kí ọmọ sin òbí rẹ̀ bí ó ti yẹ kò ní ka ọ̀rọ̀ yìí sí àríyànjiyàn àwọn àlùfáà lásán.

Ilẹ̀ pàápàá kò tó mọ́. Ènìyàn tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kò ju bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ ní 1801. Nígbà tí yóò fi di 1851, wọ́n ti lé ní ìlọ́po méjì. Àwọn àgbàlá ìsìnkú kún dé ẹnu, òkú ń gun òkú. Bunhill Fields, níbi tí wọ́n sin Watts fúnra rẹ̀ sí láàárín àwọn tí kì í ṣe Áńgílíkà, ni wọ́n tì ní 1854.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní ọdún kejì ìjọba Ọbabìnrin Victoria, èyíinì ni 1838, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọgbà Abney, tí ó tó éékà méjìlélọ́gbọ̀n. Kọ́ḿpínì kan ni ó dá a sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní May 20, 1840. Wọn kò pe bíṣọ́ọ̀bù kí ó wá yà á sí mímọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ilẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù bá yà sọ́tọ̀ ti di ti Ìjọ Áńgílíkà.

William Hosking ni ayàwòrán ilé tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ìṣòro kan wà níwájú rẹ̀. Ní itẹ́ òkú Kensal Green, tí wọ́n ṣí ní 1833, wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà méjì: apá ńlá fún Áńgílíkà, igun kan fún àwọn yòókù, olúkúlùkù pẹ̀lú ilé àdúrà tirẹ̀. Òkú ti pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ kí erùpẹ̀ tó bò ó. Hosking kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ ilé kan ṣoṣo ni ó kọ́, fún gbogbo ìjọ.

Bíríkì ni ilé náà, pẹ̀lú òkúta gbígbẹ́ ní etí fèrèsé àti ní igun ògiri. Ó rí bí àgbélébùú tí apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fèrèsé róbótó tí ó dà bí kẹ̀kẹ́ ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé láti òkè. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ga tó ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà, ó yọ lórí igi. Ní iwájú, ó ṣe ìloro tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè wọ̀, kí òjò Lọ́ńdọ̀nù má baà pa òkú àti ọlọ́fọ̀. Ilé náà kò tóbi, kò sì yẹ kí ó tóbi: kì í ṣe ilé tí ìjọ kan ń pàdé sí, ibi ìdúró díẹ̀ lọ́nà ibojì ni. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé àrà ilé ìsìn Áńgílíkà àtijọ́ ni Hosking lò, àrà Gọ́tíìkì, fún àwọn tí Áńgílíkà kò gbà láyè. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ní tirẹ̀ jẹ́ àrà Íjíbítì, àwòrán-ọ̀rọ̀ ayé Fáráò ni wọ́n sì fín sí i lára. Pugin, ayàwòrán ilé tí kò fẹ́ràn ohunkóhun tí kì í ṣe Gọ́tíìkì, fi irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní 1843. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìjọ Fáráò du ipò?

Yí ọgbà náà ká ni ilé iṣẹ́ Loddiges, àwọn olóko igi Hackney, gbin oríṣi igi 2,500 sí, ní títẹ̀lé ètò ábídí láti A dé Z. Olùṣọ̀fọ̀ ń rìn, ó sì ń kàwé lára igi.

Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá òkú ni ó wà níbẹ̀. William Booth, olùdásílẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà, wà lára wọn. Joanna Vassa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọbìnrin Olaudah Equiano, ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú tí ó sì fi ìwé kíkọ bá òwò ẹrú jà. Pásítọ̀ ìjọ Congregational ni Joanna fẹ́. Ó kú ní 1857. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sin Thomas Caulker, ọmọ ọba kan ní ilẹ̀ Sherbro ní Sàró, síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Awọ ara kò sé ilẹ̀kùn náà mọ́ wọn.

Ìrònú tí ó kọ́ ilé yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Òkun. Ní 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Bingham, Gowans àti Kent, gúnlẹ̀ sí Èkó láti dá iṣẹ́ tí ó di SIM sílẹ̀, iṣẹ́ ìhìnrere tí kò ti ọwọ́ ìjọ kan ṣoṣo jáde. Kí 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú ní òkè ọ̀hún, láìsí ilé àdúrà olóṣóńṣó kan tí ó gbà wọ́n. Ní 1908 Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀, láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka náà ti tàn ká Yàgbà. Àwọn ìjọ tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni ó di ECWA ní 1954.

Ibi tí Abney Park ti kùnà ni owó. Títa ilẹ̀ ibojì ni kọ́ḿpínì náà fi ń jẹun. Ibojì tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀kan, wọn kò lè tà á mọ́, ṣùgbọ́n koríko orí rẹ̀ ń hù lọ́dọọdún. Nígbà tí ilẹ̀ tán, owó tán. Kọ́ḿpínì náà dojú dé ní 1972. Igi gba ọgbà, gbòǹgbò ṣí òkúta nípò, àwọn ọmọ ìta fọ́ fèrèsé ilé àdúrà, òrùlé jó, òjò sì wọlé. Ní àkókò kan náà ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba wó itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí. Wọ́n kó eegun Crowther lọ sí Kàtídírà Márínà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní orúkọ tó bẹ́ẹ̀ kò rí irú ìtọ́jú náà. Igbó ni ó bo Abney. Katakata ni ó wọ Ajẹ́lẹ̀. Igbó ṣeé ro.

Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Hackney gba ọgbà náà ní 1978. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àdá àti ìwé, wọ́n ń wá orúkọ lábẹ́ ewé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé Hosking fi wà lára àwọn ilé àtijọ́ tí ewu wíwó ń bẹ lórí wọn, títí owó láti inú National Lottery Heritage Fund fi jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2023. Kì í ṣe fún òkú mọ́. Ìpàdé, orin àti ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lò ó fún. Òkúta Joanna Vassa pẹ̀lú ti wà lábẹ́ ààbò òfin, ère Isaac Watts, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1845, sì ṣì dúró nínú ọgbà náà, kò jìnnà sí ilé àdúrà.