Rufaidat: Orúkọ Tí Ó Jẹ́ Iṣẹ́

 

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mùsùlùmí a máa wo ilé, a sì tún máa wo ìtumọ̀. Orúkọ tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí ni Rufaidat. Fatimat àti Aminat pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ibi ìkómọ tí a ti ń gbọ́ Rufaidat.

Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, rafada, ni orúkọ yìí ti jáde. Rafada ni pé ènìyàn ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó ta á lọ́rẹ, tàbí ó gbé e ró. Odò tí ó ń ṣàn wọnú odò ńlá, rafid ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ń fi omi tirẹ̀ kún omi èkejì. Kí Ànábì tó dé pàápàá, Qusayy, baba ńlá rẹ̀, ti dá ètò kan sílẹ̀ ní Mẹ́kà tí wọ́n ń pè ní Rifada: àwọn Quraysh a máa dá owó jọ láti fi bọ́ àwọn aláìní tí wọ́n wá ṣe Háájì. Bí Husayn sì ti jẹ́ Hasan kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni Rufaidat jẹ́ ìrànwọ́ kékeré. Lárúbáwá a máa sọ orúkọ di kékeré láti fi kẹ́ ọmọ, bí Yorùbá ti ń fi oríkì kẹ́ ọmọ.

Ẹni tí ó sọ orúkọ náà di olókìkí ni Rufaidat ọmọ ìran Aslam, obìnrin kan nínú àwọn sàábé ní Mọdínà. Ní ọdún 5 lẹ́yìn Hijra, èyí tí ó bọ́ sí 627, ní Ogun Khandaq tí wọ́n gbẹ́ yàrà sí, ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'adh, olórí ìran Aws, ní iṣan apá. Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ Rufaidat nínú mọ́sáláásì, kí òun lè máa bẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Níbẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́, tí ó ń fi iṣẹ́ náà wá láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni Ànábì ń yà láti béèrè àlàáfíà Sa'd. Ọgbẹ́ náà ni ó padà pa Sa'd. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ ẹ̀dá. Ti Ọlọ́hun ni ẹ̀mí.

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni ó ń fẹ́ kí obìnrin Mùsùlùmí gbẹ̀bí aya òun nígbà tí ìrọbí bá dé lóru. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a fajú ro. Bí kálukú bá fi ọmọ tirẹ̀ pamọ́, níbo ni agbẹ̀bí náà yóò ti wá? Ẹni tí kò gbin àgbàdo kò lè máa retí ìkórè. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ náà kò bá ìtìjú obìnrin mu. Nínú mọ́sáláásì Ànábì ni àgọ́ Rufaidat wà, Ànábì sì ń rí i. Ọmọ tí ó bo ara rẹ̀ bí ẹ̀sìn ti pa á láṣẹ kò ní sọ ẹ̀sìn nù nítorí pé ó di ọgbẹ́ fún aláìsàn.

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkíní, ẹ má kàn ṣí Àlùkùránì kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tí ojú bá bà sọ ọmọ. Súrà Hud, aaya 99 nìkan ni rifd ti jẹ yọ nínú Àlùkùránì, ẹ̀bùn búburú tí ó tọ́ sí àwọn ènìyàn Fir'awn ni ó sì ń sọ. Ìrànwọ́ ní láti jẹ́ sí ọ̀nà rere. Èkejì, ẹ ṣọ́ lẹ́tà. Dal ni a fi ń kọ Rufaidat. Bí ẹnìkan bá fi dad, lẹ́tà tí Yorùbá sọ di “l” nínú Rìlíwánù àti àlùwàlá, kọ Rafidat, “obìnrin tí ó kọ̀” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ànábì pàápàá yí orúkọ obìnrin kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláìgbọràn padà sí Jamilat, arẹwà.

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, ṣùgbọ́n òbí ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ ní Rufaidat, kí ó rán an ní ilé ẹ̀kọ́, kí ìrànwọ́ kékeré lè dàgbà di ìrànwọ́ ńlá.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtura fún ojú wa. Àmín.