Sẹ́ẹ̀lì Ìpilẹ̀ àti Ìtọ́jú Ojú Ajá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín lónìí jẹ́ ti àwọn oníṣègùn ẹran, ṣùgbọ́n ó kan àwa olùkọ́ èdè pẹ̀lú, nítorí pé bí a bá ṣe pe nǹkan ni àwọn ènìyàn yóò ṣe lóye rẹ̀.

Nínú ara ẹ̀dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n máa ń pín, tí wọ́n sì ń bí àwọn mìíràn láti rọ́pò èyí tí ó kú tàbí tí ó gbọgbẹ́. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni í rọ́pò rẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ ti ń hù ni mo fi wọ́n wé. Mo dábàá pé kí a máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀.

Ẹ wo ojú. Awọ tí ó mọ́ gaara bíi dígí ni ó bo iwájú ẹyinjú, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ìbáà ṣe ti ajá. Sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ tí ń tún ojú awọ yìí ṣe wà ní etí rẹ̀, níbi tí ó ti pàdé funfun ojú. Bí kẹ́míkà bá jó etí náà run, awọ náà kò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Ní 1997, Graziella Pellegrini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ròyìn pé àwọn bu díẹ̀ láti etí ojú kejì tí kò bàjẹ́, àwọn sọ ọ́ di púpọ̀ nínú yàrá ìwádìí, àwọn sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tí ó jó. Ènìyàn 2 ni wọ́n ṣe é fún. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní Holoclar.

Ti ajá ńkọ́? Àìsàn kan wà tí í mú kí ojú ajá gbẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ-ogun ara ajá náà gan-an ni wọ́n dìde sí orísun omijé rẹ̀. Oníṣègùn a fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1. Bí omijé bá rin ín tó mìlímítà 15, kò séwu. Ìpara cyclosporine ni a sábà fi ń tọ́jú àìsàn náà, lójoojúmọ́, títí ọjọ́ ayé ajá. Ní 2015 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Spéènì ròyìn ajá 12 tí oògùn kò ràn. Wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ tí a mú láti inú ọ̀rá sí àyíká orísun omijé wọn, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún oṣù 9. Ojú àwọn ajá náà sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Ní Ítálì, sẹ́ẹ̀lì rọ́pò sẹ́ẹ̀lì. Ní ti ajá wọ̀nyí, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ń pẹ̀tù sí ìjà inú ara. Onílàjà ni, kì í ṣe arọ́pò. Orúkọ kan, iṣẹ́ méjì! Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ ọ́ di gbogboǹṣe ń tan ará ìlú jẹ. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ní 2015, a gún sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá sínú ẹyinjú àwọn obìnrin 3. Ìròyìn ìṣègùn tí ó jáde ní 2017 fi hàn pé ojú wọn bàjẹ́ gidigidi. Ajá 12 pẹ̀lú kò tó láti fi búra.

Bí ẹ̀gún bá gún ajá yín lójú, ẹ má ṣe dúró de ìyanu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì ṣe kán oògùn ojú tí ó ṣẹ́kù nílé sí i, nítorí èyí tí ó ní steroid nínú lè mú kí egbò ojú jinlẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi orúkọ nìkan sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sọ iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe, ibi tí a ti mú un, àti iye ara tí a ti dán an wò.