Ọmọ Tí Ń Rìn Tàgétàgé Nínú Ilé Ajíhìnrere

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ wa, GRA, Ìlọrin, nínú ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ilé àwọn ajíhìnrere, bóyá ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí a ka orúkọ àwọn ẹni ńlá, kí a sì ka iṣẹ́ wọn. A ti gbọ́ irú rẹ̀ púpọ̀, a kì yóò sì ṣíwọ́ gbígbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọ kékeré kan ni àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè dá aṣọ ara rẹ̀ wọ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1844 ni a bí ọmọkùnrin kan ní Sàró fún Àlúfáà Samuel Àjàyí Crowther àti aya rẹ̀, Susan. Orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n fi sọ ọ́, Dandeson Coates. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kejìlá, ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní 1845 ni àwọn ajíhìnrere náà sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, ẹni tí ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì dí. Nítorí náà wọ́n jókòó sí Àgbádárìgì fún bí ọdún kan àbọ̀.

Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ ohun tí ọdún kan àbọ̀ náà jẹ́. Òun ni ìgbà tí eyín ń yọ, tí ọmọ ń rá, tí ó ń dìde tí ó sì ń ṣubú, tí ó ń fi ohun gbogbo tí ó bá rí nílẹ̀ sí ẹnu. Ìgbà náà ni ìyá kì í sùn. Ibà ilẹ̀ etí òkun kò sì mọ ẹni tí ó wá wàásù yàtọ̀ sí ẹni tí ó wá ṣòwò: kò pẹ́ tí wọ́n dé ni aya Àlúfáà Gollmer, tí wọ́n jọ wá, kú sí ibẹ̀. Bàbá ọmọ yìí ń wàásù lábẹ́ igi, ó ń kọ́ni, ó sì ń tú Ìwé Mímọ́ sí èdè wa. Bí a bá ṣí Bíbélì Yorùbá, a máa ń rántí ọlá àwọn tí ó tú u. Àwa fẹ́ kí a tún máa rántí pé nínú ilé tí ọmọ ti ń ké ni a ti ṣe nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1821, nígbà tí ogun kó Òṣòógùn, Àjàyí fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọdékùnrin. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1837 ni ó ti sọ bí a ti mú òun, ìyá rẹ̀, àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọmú bí oṣù mẹ́wàá. Àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú ogun náà. A kò sọ èyí ní ìlú Ìlọrin láti tún ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni dá, nítorí àwọn ìyá Mùsùlùmí tí ó yí wa ká ti bá púpọ̀ nínú wa pọn ọmọ, a kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin náà, pẹ̀lú ìjàrá ní ọrùn àti ọmọ ọmú ní ẹ̀yìn. Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín ẹrú: Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kejì lọ sí ọ̀nà kan, ìyá àti ọmọ ọmú lọ sí èkejì.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1846 ni Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta nínú òjò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà ni Àfàlà, ìyá rẹ̀, wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara wọn mú, àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, tí omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti gbẹ, tí ó sì ń fi orúkọ èwe pè é. Ní ọjọ́ náà, ó kù bí oṣù kan kí Dandeson pé ọmọ ọdún méjì. Ìyá tí a fi ogun já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wá di ìyá-ńlá fún ọmọ tí ń rìn tàgétàgé nínú ilé àlúfáà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Hana, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Kì í ṣe gbogbo ilé ajíhìnrere ni Ọlọ́run fi ọmọ ti inú fún. Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853, kò bí ọmọ. Síbẹ̀ Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, títí tí a fi ń pe obìnrin òyìnbó náà ní Ìyá. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, tí ọ̀nà dí tí owó kò sì wọlé mọ́, ohun èlò ilé ni wọ́n ń tà kí ọmọ lè jẹun.

Ẹ má ṣe bínú sí wa bí a bá wá dé ilé ara wa nísinsìnyí. Ní Àjíkóbi tàbí Alánàmú, ọmọ tí ó bá jáde ní ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ìyá mẹ́wàá. Ní GRA níhìn-ín, ọgbà fẹ̀, ògiri ga, ilé jìn sí ilé. Àlúfáà tí a bá gbé wá síhìn-ín láti ibi iṣẹ́ mìíràn a máa kó aya ọ̀dọ́ àti ọmọ ọwọ́ wá, a ó sì kí wọn káàbọ̀ pẹ̀lú iṣu àti adìẹ. Lẹ́yìn náà, a ó fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ògiri. Bàbá lọ bẹ aláìsàn wò, ó lọ sí ìsìnkú, ó lọ sí ìpàdé. Ìyá nìkan ni ó kù pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

A rántí ọjọ́ Ìsinmi kan tí ọmọ ilé àlúfáà, tí kò tíì pé ọdún méjì, já mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sáré tàgétàgé gba àárín ìjọ lọ, tí ó sì di aṣọ funfun bàbá rẹ̀ mú nígbà tí ó ń wàásù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan pòṣé. Ẹnìkan gbé ọmọ náà jáde, ó ń ké, ẹnìkan sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ àlúfáà kò gbọdọ̀ hùwà báyìí. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni a kò rí obìnrin náà ní ìjọ. Àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí jókòó níbẹ̀, a gbọ́ ọ, a kò sọ nǹkan kan, a kò sì rìn lọ sí ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà.

Nípa ti Dandeson, bàbá rẹ̀ ni ó fi joyè díákónì ní 1870. Ó di Áṣídíákónì ní 1876, ó sì wà láàyè títí di 1938. A kò mọ ẹni tí ń bọ̀ nínú àwọn tí a ń gbé jáde.

Ẹgbẹ́ Ìyá ti gbà fún wa, Àlúfáà wa sì ti fọwọ́ sí i, pé láti ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ a ó tẹ́ ẹní mẹ́ta sí iwájú, ní apá ọ̀tún, fún àwọn ọmọ tí kò tíì lè jókòó lórí àga àti àwọn ìyá wọn. Ìyá méjì yóò máa lọ sí ilé àlúfáà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì láti bá wọn gbé ọmọ. Ìwé tí a ó kọ orúkọ sí wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, gègé sì wà níbẹ̀.